Ọjọ́ Kan Lọ́dún Tí Wọ́n Ń Bi Ìyá Onílé Mi Léèrè Ọmọ

Ní abúlé tí mo ti ń kọ́ ọmọ níwèé lẹ́yìn Lalupon, ọjọ́ kan péré ló wà nínú ọdún tí wọ́n máa ń gbá ìgbẹ́ ewúrẹ́ kúrò lójú ọ̀nà. Kì í ṣe ọjọ́ Iléyá, kì í sì í ṣe ọjọ́ Kérésìmesì. Ọjọ́ tí àwọn dókítà ń bọ̀ ni. Àárín ọyẹ́ ló máa ń bọ́ sí, nígbà tí ètè gbogbo wa bá ti là, tí eruku bá ti pọ́n orí ewé kòkó. Baálẹ̀ á ní kí wọ́n kéde yíká pé kí oníkálukú gbá iwájú ilé rẹ̀, kí wọ́n so ajá mọ́lẹ̀, kí wọ́n sì wọ ẹ̀wù fún ọmọ. Èmi tí mo ń fi ojoojúmọ́ ayé bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wọ ẹ̀wù fún ọmọ wá sílé ìwé, tí kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn, ṣe ni mo máa ń dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, inú á máa bí mi. Inú tètè máa ń bí mi láyé ìgbà yẹn. N kò rí ẹni bá ṣàwàdà, ẹni tí kò bá sì rí ẹni bá ṣàwàdà, ìbínú ni yóò fi ṣe ẹlẹgbẹ́.

Àwọn dókítà wọ̀nyí kì í ṣe irú èyí tó ń fún ènìyàn lóògùn. Àwọn tó ń ṣèwádìí àrùn tó ń ràn ni wọ́n: ibà, ṣọ̀pọ̀ná, ikọ́, àti èéyi tó máa ń sú sára ọmọ, tó máa ń pọ́n ọmọ lójú. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń pé jọ sí yunifásítì ní Ìbàdàn. Àwọn òyìnbó á ti òkè òkun wá, àwọn aláwọ̀ dúdú á ti Ghana àti Ṣàró wá, àwọn tiwa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú òyìnbó dé náà á sì wà níbẹ̀, kóòtù lọ́rùn nínú oòrùn. Wọ́n á jókòó sínú gbọ̀ngàn, oníkálukú á máa sọ ohun tó rí láàárín ọdún. Bí wọ́n bá sọ ọ́ tán, wọ́n á wá fi ọjọ́ kan jáde sí oko, kí wọ́n lè fojú rí ilé tí àrùn ń gbé. Abúlé tiwa ni wọ́n yàn. Èéyi ti pa ọmọ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ìdí nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó lè fi ìyẹn yangàn.

Nítorí pé èmi nìkan ni mo gbọ́ èdè òyìnbó ní abúlé yẹn, èmi ni wọ́n fi ṣe ògbufọ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ń gba ẹnu mi kọjá, lọ àti bọ̀. Kò sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tó jẹ́ tèmi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara mi kí n tó sọ ti ẹlòmíràn. Mo ti bí ọmọ kan rí. Obìnrin ni. Ìlú mìíràn ni mo bí i sí, níbi tí ìjọ Onítẹ̀bọmi rán èmi àti ọkọ mi lọ láti máa ṣe olùkọ́. Ọmọ náà ṣì ń rá nígbà tí ọkọ mi wọ ọkọ̀ ojú omi lọ kàwé nílùú òyìnbó. Ó ń kọ́ ìrìn nígbà tí èéyi mú un. Ó kú. Ọkọ mi kò padà wá, lẹ́tà rẹ̀ sì ń wọ́n sí i bí omi ẹ̀ẹ̀rùn, títí ó fi gbẹ pátápátá. Ní ìlú yẹn, orúkọ ọmọ mi ni wọ́n fi ń pè mí, Ìyá Lágbájá. Lẹ́yìn tó kú, wọn ò mọ ohun tí wọn ì bá máa pè mí mọ́. Ẹlòmíràn á ti pe "Ìyá", á wá rántí, á gbé ìyókù mì. Wọ́n wá ń kí mi, wọ́n ń sọ pé, "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Ọ̀rọ̀ rere ni, àwọn àgbà ló fi sílẹ̀ fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, mo sì mọ̀ pé ìfẹ́ ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n omi tó dànù yẹn gan-an ni òùngbẹ rẹ̀ ń gbẹ mí. Nígbà tó sú mi, mo bẹ ìjọ pé kí wọ́n gbé mi lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ mí.

Wọ́n gbé mi dé ibẹ̀ lóòótọ́. Ní abúlé náà, Tíṣà ni orúkọ mi. Wọ́n rí i pé mo dàgbà tó obìnrin, n kò lọ́kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, n kò gbọ́mọ pọ̀n, wọ́n sì gbà pé n kò bí rí. Àwọn obìnrin tí wọ́n bá ti odò bọ̀ á dúró, omi lórí, wọ́n á ní, "Tíṣà, Ọlọ́run á fi ọmọ dá yín lọ́lá o." Èmi á ní, "Àmín." Mo ti ṣe àmín yẹn títí ó fi di nǹkan tí ẹnu mi ń ṣe fúnra rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń sín.

Ọ̀dọ̀ opó kan ni mo gba yàrá sí. Ìyá ni gbogbo ayé ń pè wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ń pè wọ́n. Mùsùlùmí ni Ìyá, wọn kì í pa ìrun kan jẹ, gàrí ni wọ́n sì ń dín jẹun. Ọmọkùnrin kan ló kù fún wọn, ó wà ní Kumasi, kò wálé mọ́, ẹni tó bá ti ọ̀hún bọ̀ ni wọ́n ń bi bóyá ó ṣì wà. Àwọn yòókù, èéyi ló kó wọn. Mo gbọ́ ìyẹn lẹ́nu àwọn ará abúlé, n kò gbọ́ ọ lẹ́nu Ìyá. Ta ni yóò bi wọ́n? Òbí tí ọmọ kú fún, a kì í jẹ́ kó mọ ojú oórì ọmọ náà, a kì í jẹ́ kó sunkún pẹ́, orúkọ ọmọ ọ̀hún a sì di ohun tí ẹnikẹ́ni kì í pè nínú ilé mọ́, kí ó má bàa dà bí ẹni pé à ń ké sí ikú padà. Mo mọ òfin náà dáadáa, ó ṣe tán, òun ni mo sá fún. Nítorí náà, èmi àti Ìyá jọ ń gbé, a ń kí ara wa láàárọ̀, a ń kí ara wa lálẹ́, oníkálukú wa sì wà nínú ìkarahun tirẹ̀ bí ìgbín.

Ọdún àkọ́kọ́ tí àwọn dókítà wá, abẹ́ igi máńgòrò ilé ìwé ni a to àga sí. Obìnrin òyìnbó kan wà láàárín wọn, irun orí rẹ̀ ti funfun, ó wọ sálúbàtà bíi ti ọkùnrin, kòkòrò sì ti bu ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ kálẹ̀. Ó kọ àga. Ó ní kí wọ́n gbé àpótí ìdáná kan wá fún òun, ó sì jókòó sórí rẹ̀, eékún fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Àwọn obìnrin abúlé wo ara wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó wá kọjú sí mi, ó ní kí n bi wọ́n: ọmọ mélòó ni oníkálukú wọn ti bí, mélòó ló sì wà láàyè?

Mo mọ̀ pé ọ̀ràn dé. A kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ. Ọmọ adìyẹ ni à ń kà. Mo sọ fún un pé ìbéèrè yẹn kò ní rọrùn, ó ní kí n ṣáà bi wọ́n wò, mo sì bi wọ́n. Ìyàwó kan tó gbọ́mọ pọ̀n ló kọ́kọ́ fèsì.

"Ẹ bá mi sọ fún wọn pé wọ́n pọ̀, a dúpẹ́."

Ẹnìkejì ní, "Ọlọ́run tó fún mi ló mọ̀ wọ́n."

Ẹnìkẹta fẹ́ ran àlejò lọ́wọ́. Kò ní kà wọ́n, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní kó má fi wọ́n hàn. Ó ké sí gbogbo ọmọ agbo ilé wọn, ó tò wọ́n síwájú àwọn dókítà. Tirẹ̀ wà nínú wọn, ti orogún rẹ̀ wà níbẹ̀, ti àbúrò ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, títí kan ọmọ kan tó wá lo ìsinmi láti Olódò. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá wọn ṣàkọsílẹ̀ ń kọ, inú rẹ̀ ń dùn. Àfi ìgbà tí orogún obìnrin náà dìde, tó tún to àwọn ọmọ kan náà síwájú rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wò mí bí ẹni pé èmi ni mo rán wọn. Ta ló sọ fún un pé ẹni tó bímọ nìkan ló lọ́mọ?

Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni Ìyá ti ń dín gàrí. Wọn ò pè wọ́n sí ìjókòó náà, nítorí arúgbó ti kúrò níbi ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí, lójú tiwa. Ìyá ṣáà ń fi igbá ro gàrí, èéfín ń bò wọ́n lójú, wọ́n sì ń gbọ́. Ó pẹ́ díẹ̀, wọ́n gbé igbá sílẹ̀.

"Ẹ bi èmi náà," Ìyá wí.

Mo bi wọ́n.

"Èmi ò ní kà wọ́n o. Ṣùgbọ́n mo lè pè wọ́n."

Ìyá dìde, wọ́n kọjú sí ọ̀nà oko, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ọmọ wọn. Wọn ò pè wọ́n bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ òkú. Bí ìyá ṣe ń pe ọmọ wá jẹun nígbà tí ọbẹ̀ bá jiná ni wọ́n pè wọ́n, pẹ̀lú oríkì, pẹ̀lú ìbáwí díẹ̀díẹ̀ láàárín. N kò ní kọ àwọn orúkọ náà síbí. Ìyá ló ni wọ́n. Bí wọ́n ti ń pè wọ́n, àwọn obìnrin kan ń gbé ọmọ wọn, wọ́n ń rọra kúrò lábẹ́ igi.

Òyìnbó náà bi mí pé kí ni wọ́n ń sọ. Orúkọ kò ní ògbufọ̀. Mo ní, "Wọ́n ń pe àwọn ọmọ wọn ni." Ó ní ibo ni àwọn ọmọ náà wà. Mo ní wọn ò sí. Ó fi bírò rẹ̀ sílẹ̀ lórí ilẹ̀, ó ní kí n bá òun bẹ Ìyá pé kí wọ́n sọ fún òun nípa wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nílé ìjọsìn wa láti kékeré, mo ti rí bí àwọn ògbufọ̀ ti ń ṣe é. Bí òyìnbó bá ní "èmi", ògbufọ̀ náà á ní "èmi". Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ń ṣe é, n kò ronú sí i. Ìyá ní àkọ́bí òun fẹ́ràn ìrèké ju oúnjẹ lọ. Mo sọ ọ́ lédè òyìnbó pé àkọ́bí mi fẹ́ràn ìrèké. Ìyá ní òun gbé ẹnìkejì pọ̀n lọ sóko, ibà ti wà lára rẹ̀, òun ò mọ̀. Mo ní mo gbé e pọ̀n, n kò mọ̀. Ìyá ní nígbà tí ojú ọmọ pọ́n, tí ara rẹ̀ sú, àwọn àgbà gbé e sínú òkùnkùn yàrá, ó ń béèrè omi, wọ́n ní kí òun má fún un, òun sì gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu. Mo la ẹnu láti sọ ìyẹn. Mo wá sọ ọ́ pé, "Ọmọ mi ń béèrè omi." Láti ọjọ́ tí tèmi ti kú, n kò tíì fi ẹnu ara mi sọ "ọmọ mi" fún ẹnikẹ́ni. Mo sọ ọ́ léraléra ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, lábẹ́ igi, níwájú àwọn àlejò, kò sì sí ẹni tó mọ̀ pé mo sọ ọ́.

Nígbà tí ọkọ̀ wọn lọ tán, tí eruku lọ sílẹ̀, gàrí Ìyá ti jóná mọ́ agbada. Mo rò pé wọn yóò bínú. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Gàrí náà fẹ́ gbọ́ tiwọn ni," Ìyá wí, wọ́n sì da èyí tó jóná fún adìyẹ.

Láti ọjọ́ náà ni Ìyá ti ń retí ìpàdé àwọn dókítà bí ẹlòmíràn ti ń retí ọdún. Bí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, wọ́n á ní, "Tíṣà, àwọn ará ibi ìpàdé yẹn, ṣé wọ́n ti ń palẹ̀ mọ́?" Mo máa ń dá wọn lóhùn bí ẹni pé èmi ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ náà tó létí. Wọ́n ní aṣọ àdìrẹ kan tí wọn kì í wọ̀ lásán. Wọ́n á yọ ọ́ jáde, wọ́n á sá a sí oòrùn, wọ́n á tún ká a padà. Ẹ̀pà tó dára jù nínú oko wọn, wọ́n á ṣà á sọ́tọ̀ fún òyìnbó àgbà yẹn. Àwọn kan ń sọ ọ́ lẹ́yìn wọn pé arúgbó yìí ń pe òkú fún àlejò. Ìyá gbọ́, wọ́n ń ṣa ẹ̀pà wọn lọ.

Ní ọdún kejì, òyìnbó náà kò tíì jókòó tán tó fi bi Ìyá léèrè èyí tó fẹ́ràn ìrèké. Ó pe orúkọ ọmọ náà, ó sì ba orúkọ náà jẹ́ débi pé Ìyá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n kọ́ ọ bí wọ́n ti ń pè é. Wọ́n tún sọ ohun tí wọn ò sọ lọ́dún àkọ́kọ́, nípa ọmọ kan tó máa ń súfèé, tí bàbá rẹ̀ ń nà nítorí ìfé sísú náà. Èmi ni mo ń sọ gbogbo rẹ̀ padà: ọmọ mi máa ń súfèé. Tèmi kò gbé ayé dé ọjọ́ orí ìfé sísú. Mo ń rí i nínú ọkàn mi tó ń sú u.

Ọdún yẹn ni òyìnbó náà ní kí n bá àwọn dé Ìbàdàn fún ọjọ́ ìparí ìpàdé, kí n lè rí ohun tí iṣẹ́ mi dà. Mo wọ aṣọ tí mo ń wọ̀ lọ sí ìjọ, mo jókòó sí ẹ̀yìn mọ́tò wọn, inú mi dùn, kí n má purọ́. Gbọ̀ngàn náà tutù. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo jókòó sí. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ara wọn, wọ́n ń bá ara wọn jiyàn pẹ̀lú ẹ̀rín, wọ́n ti mọ ara wọn láti ọdún mélòó kan wá, ẹnìkan á ní, "Ìwọ náà tún dé!" ẹnìkejì á gbá a mọ́ra. N kò mọ ẹnikẹ́ni. Mo kàn ń wò wọ́n bí ẹni tó yọjú wo ayẹyẹ láti ojú fèrèsé.

Wọ́n wá pa iná, wọ́n fi ẹ̀rọ da àwòrán sára ògiri. Abúlé wa ni. Wọ́n ya ilé kọ̀ọ̀kan, wọ́n ya ọ̀nà odò, wọ́n ya ilé ìwé mi. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n to àmì dúdú kéékèèké sí. Ọmọ tí èéyi pa ni àmì kọ̀ọ̀kan. Mo wá ilé Ìyá, mo rí i. Àwọn àmì náà ṣù jọ síbẹ̀. Mo ń wò wọ́n, mo ń bi ara mi pé èwo ni onírèké, èwo ni ẹni tó ń súfèé. Yàrá tí mo ń gbé nínú ilé náà kò ní àmì kankan, nítorí ìlú mìíràn ni tèmi kú sí, ẹnikẹ́ni kò sì lọ ṣèwádìí dé ìlú yẹn. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé àmì kan dín lára ògiri yẹn. Mo fẹ́ dìde sọ ọ́. N kò dìde. Wọ́n tan iná, wọ́n tún pàtẹ́wọ́.

Ẹnu ọ̀nà ni mo bá Ìyá nígbà tí mo dé.

"Ṣé wọ́n sọ ti àwọn ọmọ mi?"

"Wọ́n sọ ọ́, Ìyá. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ló rí i."

"Ṣé wọ́n pè wọ́n lórúkọ?"

Mo ní rárá, wọn ò pè wọ́n lórúkọ, àmì ni wọ́n fi dípò wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kábàámọ̀ pé n kò purọ́.

"Kò burú," Ìyá wí. "Wọ́n ṣáà ti mọ̀ pé wọ́n wá sáyé."

Ọdún tó tẹ̀lé e, iná òṣèlú ń jó ní gbogbo agbègbè wa. Wọ́n ń sun ilé, wọ́n ń dá ọ̀nà, àwọn dókítà sì ṣe ìpàdé wọn láàárín ìgboro, wọn ò jáde. Ìyá sá aṣọ àdìrẹ náà bákan náà. Wọ́n wọ̀ ọ́, wọ́n jókòó síwájú ilé láti àárọ̀ títí wọ́n fi pe ìrun ìrọ̀lẹ́. Mo bá wọn jókòó díẹ̀, mo ní ìwé ọmọ ilé ìwé ni mo fẹ́ lọ wò, mo wọlé.

Nígbà tí ìlú rọ̀, ìpàdé náà padà wá, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni bó ṣe wá. Abẹ́rẹ́ èéyi ti dé. Àwọn àlejò wá wò ó bí wọ́n ti ń gún un fún àwọn ọmọ wa, pẹ̀lú ohun èlò kan tó rí bí ìbọn, tó ń dún tàù lápá ọmọ. Òyìnbó àgbà yẹn kò sí lára wọn. Wọ́n ní ó ti fẹ̀yìn tì, ó ti lọ sí ìlú rẹ̀. Ọ̀dọ́mọdé dókítà kan ló ṣáájú wọn, ọmọ wa ni, ọmọ Ẹgbẹ́dá, Yorùbá ẹnu rẹ̀ sì dán. Kò nílò ògbufọ̀. Nígbà tí mo rìn sún mọ́ ọn bí ìṣe mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Tíṣà, ẹ sinmi lónìí. Èmi fúnra mi á bá wọn sọ ọ́."

Ìdùnnú ṣubú layọ̀ ní ọjọ́ yẹn. Àwọn ọmọ ń ké, àwọn ìyá ń rẹ́rìn-ín. Ìyàwó tó ní "wọ́n pọ̀, a dúpẹ́" gbé èyí tó kéré jù dìde sókè kí gbogbo wa lè rí ojú abẹ́rẹ́ lápá rẹ̀. Ìyá náà tò sórí ìlà, nínú àdìrẹ wọn, ẹ̀pà dídì lọ́wọ́. Nígbà tó kàn wọ́n, ọ̀dọ́ dókítà náà dọ̀bálẹ̀ kí wọn dáadáa, ilé tó ti wá kọ́ ọ.

"Màmá, tiyín kọ́ lèyí. Ọmọdé nìkan ni."

"Mo mọ̀," Ìyá wí. Wọ́n dúró díẹ̀, bóyá ó ku ohun tó fẹ́ bi wọ́n. Kò sí. Wọ́n gbé ẹ̀pà náà lé e lọ́wọ́, wọ́n gbàdúrà fún un pé iná ọmọ kò ní kú mọ́lé ẹnikẹ́ni mọ́. Àdúrà náà ti ọkàn wọn wá, mo gbọ́ ọ nínú ohùn wọn. Wọ́n wá yí padà lọ sílé. Mo fẹ́ bínú sí ọ̀dọ́mọdé náà, n kò rí ẹ̀sùn tí mo lè kà sí i lẹ́sẹ̀. Ohun tí gbogbo wọn ti ń pàdé lé lórí láti ọdún wọ̀nyí náà ló gbé wá.

Mo bá Ìyá nídìí agbada gàrí. Wọn ò dáná. Àdìrẹ náà ṣì wà lára wọn.

"Wọn ò bi yín," mo wí.

"Wọn ò bi mí. Ṣé kí wọ́n wá máa bi mí títí ayé ni? Ọmọ ò ní kú mọ́. Kí ni mo tún ń wá?" Bí wọ́n ti sọ ọ́ tó, ọwọ́ wọn kò kúrò létí aṣọ náà, wọ́n ń ká a, wọ́n ń tú u.

Mo wọlé lọ gbé àpótí. Mo gbé e síwájú wọn, mo jókòó bí òyìnbó yẹn ṣe máa ń jókòó, eékún fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n.

"Ìyá, ẹ bá mi pè wọ́n."

Wọ́n wò mí, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu wọn.

"Ìwọ náà ti di dókítà?" Wọ́n mi orí. "O ti mọ̀ wọ́n. Ṣebí ẹnu ẹ ni mo fi ń pè wọ́n. Bí o bá ń sọ tiwọn lédè òyìnbó, ojú ẹ ni mo máa ń wò. N ò gbọ́ òyìnbó, Tíṣà, ṣùgbọ́n mo mọ ojú ọlọ́mọ."

Mo fa àpótí náà sún mọ́ wọn.

"Ta ni tìẹ?" Ìyá wí.

Wọn ò bi mí ní mélòó. Wọn ò sọ pé omi ló dànù. Wọ́n kàn ń dúró dè mí, bí ẹni tó gbé oúnjẹ sílẹ̀ tí kò kánjú. Oòrùn ṣì wà lókè, a ń gbọ́ ariwo àwọn ọmọ níbi abẹ́rẹ́. Mo kọjú sí ọ̀nà oko, mo sì pe ọmọ mi, orúkọ àti oríkì. Ohùn mi kéré.

Ìyá ní òun ò gbọ́ dáadáa, pé kí n tún un pè.

Etí Ìyá kò di. Mo tún un pè.